Ẹni Tí Bọ́ọ̀lù Ń Bà

Ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹrin

Kúnlé ọkọ mi lu Dàpọ̀ àbúrò mi ní pálọ̀ wa ní Beam Park nílùú òyìnbó níbí lónìí, nítorí ìdíje béésìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù.

Sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kálukú wọn ti yan àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí yóò máa fi gba máàkì. Dàpọ̀ wá rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tí Kúnlé yàn, bọ́ọ̀lù ti bà á lára ju iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ gbá a lọ.

"Brother Kúnlé, ẹni tí wọ́n ń sọ lókò lẹ yàn yìí o."

Mo rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín mi ló bí Kúnlé nínú jù.

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ fọ́ Dàpọ̀ lẹ́nu. Nígbà tó ṣubú, Kúnlé tún ń ta á nípàá níhà. Ẹ̀jẹ̀ kún sùtánà tó wọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Mo fa Dàpọ̀ jáde, a wọ bọ́ọ̀sì wá sílé rẹ̀ ní Becontree Heath. Bí mo ṣe ń nu ẹnu rẹ̀, ó bi mí pé, "Sister mi, ṣé bó ṣe máa ń lu ẹ̀yin náà nìyẹn?"

N ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó sunkún. Èmi ò sunkún.

Kúnlé pè mí ṣáá. Mo ti pa fóònù. Ibí ni mo máa sùn.