Ìjàkadì Tí Bàbá Jà Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Wọ́ọ̀dù Àwọn Tí A La Àyà Wọn,
Kolhapur,
Maharashtra.
14 Oṣù Kejì, 2019.

Hanmant, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun lọ́hùn-ún? Òtútù orí òkè ò pọ̀ jù? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ńkọ́? Èmi, àgbà dókítà tí gbogbo nọ́ọ̀sì ń sá fún, ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Fọkàn balẹ̀. Bàbá rẹ yè.

A yọ kókó burúkú tó wà láyà rẹ̀ yẹn tòun ti egungun ìhà mẹ́ta. Ihò tó kù fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. A fi àwọ̀n líle dí i, a wá yí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ wá síwájú, a fi bò ó.

Lọ́jọ́ kejì ni wàhálà dé. A fún un ní ike kan tó ní bọ́ọ̀lù mẹ́ta nínú, kó máa fẹnu fa èémí títí bọ́ọ̀lù yóò fi gòkè. Bí kò bá fà á, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí gbogbo iṣẹ́ wa di asán. Ó ní ó ń dun òun. Ìyá rẹ bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún. Bàbá rẹ ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ọmọdé ló ń ṣeré bọ́ọ̀lù."

Ni Revati àbúrò rẹ, olóye tí kò lẹ́gbẹ́, arẹwà ọmọ, bá wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó gbá itan rẹ̀ pàá! pàá! bí oníjàkadì tó ń peni níjà, ó wá sín ohùn Dhondiba jẹ, oníjàkadì tí òun àti bàbá rẹ ti ń figa gbága láti ọgbọ̀n ọdún, ó ké sí bàbá rẹ: "Khanderao! Wọ́n ní o ti di agbọ̀n tí ò nídìí! Lójú oorun ni mo ti ń fa bọ́ọ̀lù méjì, ìwọ jákujàku yìí ńkọ́?"

O kúkú mọ̀ ọ́n, oníjàkadì tí wọ́n bá gbá itan fún kì í kọ̀. Bàbá rẹ já ike gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀lù kan gòkè. Méjì. Ó ń lọ́ bí ejò tó jẹ iyọ̀, ẹ̀kẹta náà bá fò sókè! Nọ́ọ̀sì ń wá àlejò tó wọlé láìgbàṣẹ káàkiri.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, Dhondiba gan-an gbé wàrà dé. Bàbá ní, "O tún padà wá? Ṣebí mo dá ọ lánàá!" Ọ̀rọ̀ ò yé Dhondiba. Ó wò mí...

Yéè, mo ti tú ara mi fó. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o. Ẹ má bínú pé mo pè yín lọ́mọ. Bébà tí dókítà fi ń kọ lẹ́tà nìkan ni mo mú nínú ohun ìní rẹ̀.

Dhondiba rí mi lẹ́yìn Bàbá tí mò ń fọwọ́ bẹ̀ ẹ́. Ó mi orí, ó ní, "Lóòótọ́, o dá mi."

Bàbá ní, "Ẹ̀yìn mi tí o ò lè fi kanlẹ̀ rí, àyà mi ló wà báyìí. Ibo lo fẹ́ gbà?"

Ìyá ń kí yín, wọ́n ní kí ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má tí ì wá o, ara Bàbá ń yá. Nígbà tí Dhondiba ti lọ sílé, Bàbá kọjú sí ògiri, wọ́n ní, "Revati, lọ pe Dhondiba wá lẹ́yìn aṣọ yẹn. Ó tó àkókò bọ́ọ̀lù."

Èmi ni àbúrò yín tí kì í ṣe dókítà rárá,
Revati.