Ẹsẹ̀ Mi Ló Jẹ̀bi, Kì Í Ṣe Bíréèkì Rẹ

Mẹkáníìkì mi, ọmọ ọmọ mi àtàtà,

Má tíì fún ìyá rẹ ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Inú agolo iyọ̀ ni mo fi í pamọ́ sí.

Gbogbo èébú tí mo bú ọ lórí fóònù láàárọ̀, pé bíréèkì tí o pààrọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò dára, mo ti kó o jẹ padà. Ó korò o! Nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ òkè, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó tẹ ejò lórí. Òórùn ohun tó ń jó gbòde. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìdí mi fi kúrò lórí àga, mọ́tò kò gbọ́! Ọpẹ́lọpẹ́ jíà kejì àti yanrìn ẹ̀bá ọ̀nà tó dá mọ́tò dúró.

Ọ̀gá rẹ wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ ti dín bíréèkì jinná! Bó bá gbóná jù, kì í mú mọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù." A jókòó fún ìdajì wákàtí. Ọmọ mi, ó padà ń mú ṣinṣin! Mo fò sókè, aṣọ ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

Jíà kejì ni kí ìyá rẹ fi sọ̀kalẹ̀ òkè. Kó máa tẹ bíréèkì, kó máa tú u sílẹ̀. Kọ́ ìyá rẹ dáadáa kó tó wa mọ́tò náà jáde lọ́sàn-án. Èmi ni mo kọ́ òun náà ní mọ́tò wíwà, ẹsẹ̀ kan náà lèmi àti ẹ̀ ní.

Mo ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà jìyà díẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ, ẹlẹ́sẹ̀ òkúta.