Súmúùtì Aláìléyín

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Inú ń bí mi. Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ fún — ìwé ìṣirò tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìṣirò inú rẹ̀ kò tó ojú ewé mẹ́ta.
Ọ̀gá Pátápátá pè lórí fóònù. Orúkọ tí mo fún ẹ̀gbọ́n Màámi nìyẹn, àkọ́bí Màmá Àgbà. Wọ́n ní ìyá àwọn ń gbẹ lọ́wọ́ wa bí ewé. Kílò mọ́kànlélógójì ni nọ́ọ̀sì tó máa ń wá sílé wa ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì bá lára Màmá Àgbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí kò bá di mẹ́tàlélógójì títí ọjọ́ 22, àwọn ń bọ̀ wá gbé wọn lọ sílé àwọn. Ìrìn odindi ọjọ́ kan.
Láti kékeré mi lèmi àti Màmá Àgbà ti jọ ń sùn ní yàrá kan. Ta ni yóò máa bú mi láàárọ̀?

Ìṣẹ́gun, 5
Màmá Àgbà ò jẹun ni. Láti ọjọ́ tí eyín ìkẹyìn ti yọ, wọ́n ní àwọn ò jẹ oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Màámi gbé nǹkan rírọ̀ síwájú wọn. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wo Màámi. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rọ ọ́ dàgbà. Ìwọ kọ́ lo máa wá rọ mí." Parí.

Ọjọ́rú, 6
Mo rántí bílẹ́ńdà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oníbàárà kan ló fi ta Màámi lọ́rẹ (aránṣọ ni Màámi, pálọ̀ wa náà ni ṣọ́ọ̀bù). Mo ti rí súmúùtì lórí fóònù — èso tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ mílíìkì títí tó fi ki. Mo ní, bí wọn ò bá jẹ, wọ́n á mu.
Máńgòrò méjì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Mílíìkì tútù. Mo tẹ bọ́tìnnì.
Mi ò dé ìdérí.
Máńgòrò lára ògiri. Máńgòrò lára àjà. Máńgòrò nínú etí mi. Màmá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, tiwọn bà wọ́n níwájú orí gan-an. Mo ní kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì. Wọ́n fi ìka nù ún. Wọ́n wo ìka náà. Wọ́n lá a.
"Ó tutù," wọ́n ní.
Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀rín láìsí eyín — ó dà bíi ti ọmọ tuntun, ó sì pariwo ju bílẹ́ńdà lọ.

Ọjọ́bọ̀, 7
Odindi ife kan. Wọ́n ti sọ bílẹ́ńdà lórúkọ: Eléyín. Wọ́n ní, "Eléyín ti bá mi jẹ ẹ́. Gbígbé mì nìkan ló kù fún mi."

Ẹtì, 8
Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí Màmá Àgbà gun ìwọ̀n nọ́ọ̀sì, mo dúró sẹ́yìn wọn bí ẹni tó fẹ́ dì wọ́n mú. Mo fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ etí ìwọ̀n. Díẹ̀ báyìí. Méjìlélógójì. Màámi jó. Èmi náà jó, àmọ́ ẹsẹ̀ kan ń jó, ìkejì ń tijú.

Àbámẹ́ta, 9
Ìbẹ́pẹ àti ọsàn: "Ṣé o fẹ́ kí n kú kí ọjọ́ tó pé ni?"
Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ẹ̀pà: wọ́n fi ìka nu ìsàlẹ̀ ife.

Ọjọ́bọ̀, 14
Màámi ń wá irin méjì tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá ń gé e. Èmi ni wọ́n bi. Bí nǹkan bá ti sọnù nílé yìí, èmi ni olè. Màmá Àgbà ń wò mí, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Ẹtì, 15
Márùndínláàádọ́ta! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni mo tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì wo ìwọ̀n, ó wo Màmá Àgbà, ó tún wo ìwọ̀n. "Màmá, kí lẹ ń mu?"
"Bi ọmọ mi."

Àìkú, 17
Inú mi dùn débi pé mo fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán mi.

Ọjọ́rú, 20
Gbogbo ẹ̀ ti dà rú. Ọ̀gá Pátápátá ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá fojú ara àwọn rí kílò náà. Ibo ni mo fẹ́ fi àtàǹpàkò sí lójú wọn? Àlùmọ́gàjí ńlá Màámi náà ti wá sọnù. Ẹ̀sùn tún dé.

Ẹtì, 22
Ọjọ́ ti pé.
Ọ̀gá Pátápátá jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n káwọ́ gbera. Mo jìnnà sí ìwọ̀n. Màmá Àgbà rìn dé ibẹ̀ bí adìyẹ tí ẹyin fẹ́ bọ́ lára ẹ̀. Mẹ́rìnlélógójì. Màámi ti ń pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ na ẹ̀yìn dáadáa." Wọ́n nà án.
Gbì. Irin kan. Gbì. Ìkejì. Lẹ́yìn náà àlùmọ́gàjí yọ́ jáde lábẹ́ ìró wọn, ó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Ọ̀gá Pátápátá.
Ìwọ̀n ń wálẹ̀ lójú gbogbo wa. Méjìlélógójì. Ó ku kílò kan.
Ọ̀gá Pátápátá bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé irin kan, wọ́n fọwọ́ wò ó bó ṣe wúwo sí. "Màmá, ẹ di irin mọ́dìí torí kẹ́ ẹ má baà bá mi lọ?"
Màmá Àgbà ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fẹ́ dì tẹ́lẹ̀. Kò gba abẹ́ ìró."
Ojú Ọ̀gá Pátápátá pọ́n. Wọ́n wá ní, "Ẹni tó di irin mọ́dìí kó lè jókòó síbì kan, ta ló fẹ́ gbé e? Ẹ dúró síbí. Ẹ ṣáà máa mu nǹkan yẹn."
Nọ́ọ̀sì ní kílò kan gidi ti lé, kò burú. Ó wá sọ ọ́ sí mi létí: "Ìwọ náà, mo rí àtàǹpàkò ẹ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì."
Mo sá wọ kíṣìnnì. Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, mílíìkì. Ọ̀gá Pátápátá tẹ̀ lé mi, wọ́n ní kí n bu tàwọn náà. Wọ́n jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Màmá Àgbà rọra rọ̀ mọ́ ògiri wọlé, wọ́n rí ibi tí ọmọ wọn jókòó sí, wọ́n sì sọ ọ́ sí mi létí pé kí n má dé Eléyín.
Mi ò dé e.