Màlúù Ìyá Rẹ Kò Tíì Dákẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé òtútù inú ọ́fíìsì yín ò pọ̀ jù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó, á máa ṣọ́ ọ ní ìdìde. Àlàáfíà la wà níbí, àfi orúnkún mi àti ọ̀rọ̀ màlúù yìí tó fẹ́ dà mí lórí rú.

Ọjọ́ tí àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ wá gba ẹ̀jẹ̀ màlúù ìyá rẹ láti fi wo ìdí tí wàrà rẹ̀ fi gbẹ, wọ́n ní kí n kọ orúkọ bàbá màlúù sí fọ́ọ̀mù. Ẹni tó tà á fún wa kò sọ fún mi, mo bá kọ orúkọ ara mi, èmi ṣáà ni mò ń bọ́ ọ. Ni wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ dé, tísà ló bá mi kà á, lẹ́tà inú fóònù ti kéré jù fún ojú mi. Ó ní o sọ pé àbùdá, èyí tí ẹ ń pè ní jíìnì, tó ń mú wàrà wá lára màlúù wa ti dákẹ́. Háà! Ó dákẹ́ kẹ̀? Mo káwọ́ lérí. Àbúrò mi gbé ṣọ́bìrì dé, ìyàwó télọ̀ ti ń sunkún. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, màlúù wà lórí ìdúró, ó ń jẹ koríko, ó ń wò wá. Àbúrò mi bi mí pé ta la wá fẹ́ sin.

Mo pè ọ́, o ní dákẹ́ tiyín níbẹ̀ kọ́ ni dákẹ́ tiwa níbí, pé nǹkan náà ṣì wà lára rẹ̀, kò kàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni, pé ẹ̀yin sì ń gbọ́ ọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó tún wá rú mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé etí lé e níkùn, koríko nìkan ni mò ń gbọ́.

Alápatà ní màlúù tí kò ní wàrà, ẹran ni, Sátidé lòun ń bọ̀ wá mú un. Ọkàn mi ò gbà á. Ìyá rẹ ló máa ń fún wàrà rẹ̀, tí á máa bá a sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí òun náà ti dákẹ́, dákẹ́ tiwa ni mo wí o, ni wàrà ti gbẹ.

Àná tí o pè, mo gbé fóònù sétí màlúù kí ẹ jọ sọ ọ́, ìwọ lo ṣáà gbọ́ èdè wọn. O ń pe Bàbá, Bàbá, o ní ṣé n ò gbọ́ ni. Màlúù na etí, ó kọjú síbi tí ìyá rẹ máa ń jókòó sí, wàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Kò tó ìdajì ife. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Àṣé ohùn ìyá rẹ ló wà lọ́fun rẹ, n kò fiyè sí i rí.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ tọrọ, owó ọkọ̀ ni, ìwọ ni kí o fi wọ̀ ọ́. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì, ẹ̀rọ wọn ti gbé káàdì mi mì, n kò sì mọ ohun tí mo fi ṣe é. Kí o ṣáà dé kó tó di Sátidé. Ọdún méjì rèé tí o ti wálé gbẹ̀yìn, ilé yìí ti dákẹ́ jù.

Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ rẹ délé láyọ̀, o ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ, àti bàbá màlúù, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù.