Ẹ̀rọ Ekùrọ́ Tí Mo Fi Sányán Mi Rà

Èmi ni mo yọ irin náà. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́, kì í ṣe pé bàbá tó tà á fún wa jẹ́ oníjìbìtì... èmi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí kò sí ẹnì kan lábúlé wa tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní dé etí ọkọ mi kí oúnjẹ tó jinná. Ẹ má béèrè orúkọ mi. Apá Ẹgbẹ́dá ni wá, ọ̀nà Ifẹ̀, ìyẹn náà tó. Ìwé ìròyìn yín kì í tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa bí ìwé ìròyìn, iyọ̀ ni wọ́n máa ń fi í pọ́n fún wa láti ọjà. N ó da iyọ̀ sínú ìkòkò, n ó jókòó ti ìwé náà, torí ìyàwó olùkọ́ kan kọ́ mi ní ABD nígbà tí mo wà lọ́mọge nílé ìyá mi. Bí ẹ bá dáhùn, n ó rí i, iyọ̀ ni n ó máa rà. Ọkọ mi kò mọ̀wé ní tirẹ̀. Ẹ má sì bínú pé mo ń pè é ní "ó" nínú ìwé yìí... lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà mí lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà ti tán nínú mi.

Ẹ̀yin ará ìgboro lè má mọ bí a ṣe ń ṣe é lóko. Ọkùnrin ní ń gun ọ̀pẹ, ọkùnrin ló ni ẹyìn, epo tí a bá sì sè jáde, tọkọ ni. Ṣùgbọ́n ekùrọ́ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá fún epo tán, ti ìyàwó ni, ẹnikẹ́ni kì í bá obìnrin dù ú. Èmi ni n ó sá a sóòrùn, èmi ni n ó fi òkúta pa á lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni n ó tà á tàbí kí n fi yan àdí. Òkúta ti lu àtàǹpàkò òsì mi débi pé èékánná rẹ̀ kò hù gún mọ́. Láti inú ekùrọ́ ni mo ti ra ìró tó wà nídìí mi, òun ni mo sì fi ń kó ẹrù ìyàwó ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo jọ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ kì í béèrè. Ìyá ọkọ mi gan-an, ekùrọ́ ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi yìí lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n sì máa ń ròyìn rẹ̀ fún wa bí ẹni pé wọ́n jagun ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé òyìnbó ti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ẹnì kan lè gbé kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tí a ó da ekùrọ́ sí i lẹ́nu, tí a ó máa fi ọwọ́ yí i, tí èèpo yóò sì máa fọ́ fúnra rẹ̀... mo ní irọ́ ni. Nígbà tí mo wá fi ojú mi rí i, n kò lè sùn mọ́. Mo ta sányán ìgbéyàwó mi. Mo ta iyùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Mo kó owó náà lé ọkọ mi lọ́wọ́ pé kí ó bá mi mú un dání, torí ọ̀nà ìlú jìn, obìnrin kì í sì í yọ owó níwájú ọkọ rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin, wọn á ní ó ti gorí ọkọ. Ẹ rí ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà? Èmi kò rí i nígbà náà. Ta ni ìbá rí i?

Tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan n'Ìbàdàn, lápá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, eyín rẹ̀ mú, ó ń dán. Àkọ̀wé ibẹ̀ ní bí ohunkóhun bá kán lára rẹ̀, àwọn ní irú rẹ̀ nílẹ̀ tí àwọn yóò fi rọ́pò, kí á sáà ti mú rìsíìtì wá. Ó bi wá pé orúkọ ta ni kí òun kọ sínú rìsíìtì. Mo ní orúkọ mi ni, mo tilẹ̀ pè é fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹnu yà á. Ó ti ki kálàmù bọ inú tàdáwà nígbà tí ọkọ mi ní kí á sinmi ná, kí á lọ rò ó dáadáa nílé. Bí a ṣe jáde nìyẹn.

Lójú ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í là mí lọ́yẹ̀. Ó ní tuntun dára lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ ìwà rẹ̀? Ó ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó jìn, bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ ta ni yóò gbé e rù padà wá sí Ìbàdàn? Ó ní òun gbọ́ pé bàbá káfíńtà kan lápá Lálùpọn ní irú rẹ̀, àlòkù, ìyàwó wọn tó ń lò ó ti kú, wọ́n sì fẹ́ tà á. Ó ní àlòkù ti fi ìwà hàn ná, ohun tí yóò kán lára rẹ̀ ti kán, wọ́n sì ti tún un ṣe. Ó ní owó rẹ̀ kò tó ti tuntun, èyí tó bá ṣẹ́kù n ó fi ra agbada tí n ó máa fi yan àdí. Ó ní bí wàhálà bá dé, Lálùpọn kò jìnnà, a ó bá bàbá náà nílé. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ́gbọ́n dání? Ó mọ́gbọ́n dání lójú tèmi. Inú mi tilẹ̀ ń dùn... mo ní ọkọ mi ń bá mi gbèrò bí ẹni tó fẹ́ràn mi. Títí di òní, ohun tó ń ká mi lára jù nìyẹn, pé inú mi dùn.

A lọ sí Lálùpọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá náà. Ọkọ mi jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé, èmi ni bàbá mú lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n sọ gbogbo àléébù ẹ̀rọ náà fún mi láìfi ọ̀kan pamọ́: wọ́n ní eyín kan ti jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ní ekùrọ́ tí kò bá gbẹ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n ní bí ó bá ń ké kí n fi àdí ra á. Wọ́n fi irin pénpé kan hàn mí, kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, òun ló so ọwọ́ ẹ̀rọ mọ́ àgbá tó ń yí nínú. Wọ́n ní kí n máa yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ bí mo bá ti ṣíwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó wọn ń ṣe, kí ọmọdé má baà lọ máa fi ẹ̀rọ ṣeré kí ó gé wọn níka. Bí a bá yọ ọ́, ọwọ́ ẹ̀rọ yóò máa yí lásán ni, inú kò ní mira. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé obìnrin ni yóò tún máa lò ó. Nígbà tí a jáde sí iwájú ilé, ọkọ mi dúnàá-dúrà díẹ̀, ó na owó, bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n sì súre fún un. Kò sí ìwé kankan. Ta ni yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ àgbà?

Ẹ̀rọ náà kò já mi kulẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń ṣe ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kan péré ni mo fi ń ṣe é. Àwọn obìnrin abúlé tó múlé gbè wá bẹ̀rẹ̀ sí í ru tiwọn wá, wọ́n á sì bu díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Owó ekùrọ́ mi wá ju ohun tí epo ọkọ mi ń mú wọlé lọ... mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò bá a lára mu, ṣùgbọ́n n kò fi pe nǹkan. Lọ́jọ́ kan tí ẹni tó ń ra ekùrọ́ dé, ọkọ mi dúró ti òṣùwọ̀n, ó gba owó, ó ká a sápò. Mo rò pé ó ń bá mi gbà á ni. Ìgbà tí mo béèrè, ó ní ekùrọ́ tí òkúta bá pa ni ti obìnrin, èyí tí ẹ̀rọ bá pa, ti ẹni tó ni ẹ̀rọ ni. Mo ní ta ló wá ni ẹ̀rọ? Ó kàn wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú àwọn àgbà ilé. Mo sọ̀rọ̀ sányán, mo sọ̀rọ̀ iyùn. Wọ́n ní ta ló rí mi nígbà tí mo kó owó fún un? Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá Lálùpọn, bàbá sì sọ ohun tí wọ́n mọ̀: ọkùnrin yìí ló bá àwọn ná an, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ti gba owó. Wọn kò purọ́. Bàbá wò mí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi kún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn. Mo wá yíjú sí ìyá ọkọ mi. Àwọn tó fi ekùrọ́ tọ́ ọmọ... mo ní àwọn á gbà mí. Wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀, wọ́n ní irin ni ti ọkùnrin láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Nígbà tí a délé, ọkọ mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, láìtijú, pé bí òun bá ti jẹ́ kí àkọ̀wé ọjọ́sí kọ orúkọ mi sínú rìsíìtì rẹ̀ ni, kí ni òun ìbá rí sọ níwájú àwọn àgbà? Ẹ gbọ́ o. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìwà àlòkù, gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn, gbogbo ọ̀rọ̀ agbada... nítorí ìwé ni. Ó ti mọ̀ láti ìdí ṣọ́ọ̀bù ohun tí òun máa ṣe fún mi, ó sì ń bá mi rìn lọ, ó ń pè mí ní ìyá ọmọ rẹ̀.

Èmi náà ṣe tèmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo yọ irin pénpé náà bí mo ti máa ń yọ ọ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ n kò dá a padà. Mo jù ú sínú ìkòkò àdí mi. Ọkọ mi yí ọwọ́ ẹ̀rọ títí, ó ń yí lásán. Ó pe alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ kò rí irú rẹ̀ rí, ó ní nǹkan ti kán níkùn ẹ̀rọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ ti kú, ekùrọ́ padà sórí òkúta, ekùrọ́ sì padà di tèmi. Kò sẹ́ni tó bá mi dù ú. Àtàǹpàkò mi ń ro mí, mo sì ń kọrin. N kò rò pé ó máa kan ẹlòmíràn, mo fi Ọlọ́run búra, n kò rò ó.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní bàbá Lálùpọn ti lu òun ní jìbìtì, ó sì ti pè wọ́n lẹ́jọ́ sí kóòtù. Bàbá wá sílé wa ní ìjẹta láti wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n fi ìka kan ojú ihò tí irin náà máa ń wà. Ihò ṣófo. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbójú sókè wò mí, èmi náà ń wò wọ́n... wọ́n sì dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn, wọ́n sọ fún ọkọ mi pé, "Ó lè jẹ́ èmi ni mi ò wò ó dáadáa kí n tó tà á. Ojú àgbà ni." Wọ́n ní àwọn yóò ta irinṣẹ́ káfíńtà àwọn, àwọn yóò dá owó padà fún un. Ọkọ mi ní owó nìkan kò tó, kí gbogbo ayé gbọ́ ní kóòtù pé olè ni wọ́n. Ó ní èmi ni ẹlẹ́rìí òun, pé èmi ni mo ń lò ó, kí n wá búra pé ẹ̀rọ náà kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mùsùlùmí ni mí. Kùránì ni wọn yóò gbé fún mi, n kò lè dákẹ́ kí n jókòó, èyíkéyìí tó bá jẹ́ mo gbọ́dọ̀ la ẹnu mi. Bí mo bá sọ òtítọ́, ọkọ mi yóò gba irin rẹ̀, yóò ki í bọ ihò, ẹ̀rọ yóò máa ṣiṣẹ́ fún un, n kò sì ní ní ekùrọ́ mọ́ títí n ó fi kú. Ọmọbìnrin mi yóò lọ ilé ọkọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó tilẹ̀ lè lé mi jáde, ta ni yóò bá a wí? Bí mo bá bá a búra, ẹni tó fi gbogbo àléébù ọjà wọn hàn mí, tó mọ ohun tí mo ṣe tí wọ́n sì bò mí láṣìírí, wọn yóò di olè lójú gbogbo Lálùpọn ní ọjọ́ ogbó. Ṣé kí n wá bàbá náà lọ ná, kí n kúnlẹ̀ fún wọn? Kí n sọ pé kí ni? Ọkọ mi dúró níwájú àwọn àgbà, ó mọ òtítọ́, ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà nítorí ekùrọ́. Èmi tí mò ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti fi òkúta pa ekùrọ́ rí, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run... nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé mímọ́ náà lé mi lọ́wọ́, tí bàbá yẹn sì jókòó ní ọ̀kánkán mi tí wọ́n ń wò mí, kí ni kí n sọ?