Mo Ń Fi Orúkọ Òkú Ta Kajú

Ẹ jọ̀ọ́ admin, ẹ bò mí láṣìírí. Mo ti ṣẹ òkú, mo sì tún ń ṣẹ ìyàwó wọn tó wà láàyè. Mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo Lanlate yìí tí kò ní di ọ̀rọ̀ ọjà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ àpò kajú fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó o lọ sókè òkun. Kì í ṣe bébà lásán o. Tí ẹ bá fi fóònù scan ẹ̀, orúkọ àgbẹ̀ tó ni kajú á jáde, fọ́tò ẹ̀ á jáde, oko ẹ̀ náà á hàn lórí map. Àwọn òyìnbó tó ń rà á ò fẹ́ kajú oko tí wọ́n gé igbó ìjọba lulẹ̀ fi dá.

Bàbá Ràfíù ni àgbẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo forúkọ wọn sílẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́... Èmi ni mo ya fọ́tò wọn lábẹ́ igi kajú, wọ́n ní kí n dúró ná kí àwọn dé fìlà. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta pa wọ́n. Odindi ìdì lébẹ́ẹ̀lì wọn ṣẹ́kù sínú báàgì mi. Ó yẹ kí n dá a padà kí n sì sọ pé bàbá ti kú. Mo ní ó di ọ̀la... ọ̀la ò dé.

Àsìkò yẹn ni ilé-iṣẹ́ kọ kajú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, torí inú igbó ìjọba ni oko wọn wà. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Wọn ò bínú, wọ́n kàn jókòó síwájú mi, wọ́n ní ṣé èmi náà á kàn máa wo àwọn ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Mo lẹ lébẹ́ẹ̀lì òkú mọ́ àpò ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Gbogbo àsìkò kajú yìí ni mo fi lẹ̀ ẹ́... Tí mo bá ti scan, bàbá á yọ lójú fóònù, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí mi. Ó dé bi pé mo ń fi àtàǹpàkò bo ojú wọn.

Oṣù tó kọjá mo lọ kí Ìyá Ràfíù, ìyàwó wọn. Màmá ò mọ nǹkan kan o, mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ṣáà ní àwọn ń rí ọkọ àwọn lójú àlá lemọ́lemọ́, pé àpò ni wọ́n máa ń rù, wọn kì í sọ̀ ọ́. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn. Kí ni wọ́n ń rù tí kò tán, ìwọ ọmọ yìí? Ṣebí ẹni tó kú ti sinmi?"

Mo gbé ife omi tí wọ́n fún mi sílẹ̀, mo ní ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ní Friday tó kọjá, supervisor mi pè mí. Ó ní nínú gbogbo àgbẹ̀ Ìbàràpá, Bàbá Ràfíù ni kajú wọn pọ̀ jù, pé àwọn òyìnbó ń bọ̀ ní Thursday wá kí wọn, wọ́n fẹ́ gbé fọ́tò wọn sára páálí tí wọ́n ń di kajú sí. Ó ní kí n lọ sọ nílé wọn. Mo lọ. Mo ní àlejò ń bọ̀ nítorí bàbá... ẹnu mi ò gba ìyókù. Màmá bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé àwọn àlejò mọ̀ pé ọkọ àwọn ti kú, pé wọ́n ń bọ̀ wá bá àwọn kẹ́dùn ni. Lánàá ni mo gba iwájú ilé wọn kọjá lórí ọ̀kadà, mo rí wọn tí wọ́n ń fi ọ̀dà funfun kun sàréè ọkọ wọn. Wọ́n juwọ́ sí mi.

Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi gbé, ilé-iṣẹ́ sì lè lé gbogbo àgbẹ̀ abúlé wa tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, ojú sàréè yẹn ni màmá máa mú àlejò lọ. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, màmá ni àbí supervisor? Báwo ni wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú tí èèyàn sọ di alágbàṣe? Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ nǹkan tí màá ṣe. Òní ti di Tuesday.