Aṣọ Ìdúpẹ́ Tí Kò Ní Ààyè

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
Yábàá, Èkó.
6 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àǹtí Adùnọlá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí pé mo gbójú gbóyà kọ irú lẹ́tà yìí sí yín. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹkún ni n ó máa sun. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà l'Ábẹ́òkúta? Orúnkún Bọ̀dá Christopher ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

Àǹtí, mo tún ti sanra. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi dín àpò oúnjẹ inú mi kù kí n tó wọ yunifásítì, tí ẹ bá mi sùn ní ọsibítù, ó ti fẹ́ já sí asán. Ẹ̀bà kì í lọ títí di òní, ṣùgbọ́n bisikíìtì àti mínírà ń yọ́ wọlé ni. Bí ìdánwò bá ti ń dẹ́rù bà mí, n kì í mọ ìgbà tí mo ń jẹ wọ́n tán. Àmúdàtù tí a jọ ń gbé yàrá kò mọ nǹkan kan. Ó ń yọ̀ mọ́ mi pé, "Lẹ́pa ti ń di ọ̀rọ̀bọ̀! Èkó ti gbà ẹ́ o!" Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sunkún ní balùwẹ̀.

Ìkórè ìjọ wa ni Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Màámi fẹ́ kí n tún jáde wá dúpẹ́, nínú léèsì tí a rán fún ìdúpẹ́ iṣẹ́ abẹ náà níjọ́sí. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Tàjùdéèn aránṣọ wọ̀n mí ní Èbúté Mẹ́ta? Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n fi ààyè díẹ̀ sínú, nítorí ọ̀la." Màámi ní, "Gé e dànù! Ohun tí Ọlọ́run bá mú lọ kì í padà." Gbogbo wa ṣe àmín. Tèmi ló ròkè jù.

Lánàá, mo gbé aṣọ náà tọ̀ ọ́ lọ. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó ń fọwọ́ ra ojú rírán rẹ̀ títí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Àbúrò, kò sí ohun tí mo lè tú."

Mo pe dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lórí fóònù; ó ní ó máa ń ṣe àwọn ẹlòmíì bẹ́ẹ̀, kí n padà wá. Ìtìjú kò jẹ́ kí n lọ. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo sọ àdúrà Màámi di irọ́.

Ẹ bá mi bẹ Màámi kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìdúpẹ́ náà. Ẹ ní mò ń kàwé. Etí tí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá àti àwọn ọmọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí lẹ́tà yìí, pàápàá Màámi. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí pé kí n má gbàgbé láti lọ aṣọ náà. Mo ní mo ti lọ̀ ọ́.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Salome.